Ọgbà Àmù Létí Odò Perak

Nígbà tí mo ṣì ń gba owó oṣù, mo fẹ́ràn òjò. Bí ó bá ti ń rọ̀ lórí páànù ilé wa, ń ṣe ni mo máa ń fa aṣọ bora, oorun á sì gbé mi lọ fọnfọn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí mi ò ti sun irú oorun bẹ́ẹ̀ mọ́, àárò rẹ̀ sì máa ń sọ mí.

Thilagavathy ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n Thila ni gbogbo ìlú ń pè mí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo wọ ọgbà Ọ̀gá Kwan lọ́dún 1979, nígbà tí Teluk Intan, ìlú wa ní ilẹ̀ Malay, ṣì ń jẹ́ Teluk Anson. Kicap ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, omi dúdú oníyọ̀ tí kò sí ilé ìdáná tí ẹ ò ti ní bá a nílùú wa, ì báà jẹ́ ilé Malay, ilé Ṣáínà, tàbí ilé àwa Tamil.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti sọ. A ó se ẹ̀wà sóyà nínú ìkòkò irin kan tí ènìyàn méjì lè jókòó sínú rẹ̀, a ó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, a ó tẹ́ ẹ sórí atẹ títí nǹkan bí òwú yóò fi hù lé e lórí. Lẹ́yìn náà a ó kó o sínú àmù, a ó da omi iyọ̀ lé e, a ó sì fi í sílẹ̀ fún oòrùn fún oṣù márùn-ún. Ọgọ́fà àmù ló wà nínú ọgbà náà, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ títí dé etí odò. Láàárọ̀, a ó ṣí ọmọrí wọn kí oòrùn lè wọ inú wọn. Bí òjò bá ṣú, a ó sáré dé wọn padà, nítorí bí omi òjò bá lè wọ inú àmù, iṣẹ́ oṣù márùn-ún ti bàjẹ́ nìyẹn.

Èmi àti Rokiah la jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Ó fi ọdún kan jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀ pé mi ò gbọdọ̀ pe òun ní ẹ̀gbọ́n, ó ní òun ò tíì rí ọkọ, kí n má sọ òun di àgbà. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá Kwan ló sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù lọ, nítorí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kò lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ènìyàn kó má gbójú sókè wo ọ̀run. Ibi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀, ó ń wòkè. Níbi tó ti ń tọrọ ìyàwó fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń wòkè.

"Ìyàwó ọ̀gá yìí ní sùúrù o," Rokiah á sọ fún mi. "Èmi ò lè fẹ́ ọkùnrin tó ní àlè lókè ọ̀run."

Lọ́jọ́ kan ó kúkú bi í lójú ara rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, kí lẹ ń wá lókè yẹn? Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín ni?"

Ọ̀gá Kwan rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ohun tó wà nílẹ̀ ni tèmi," ó dáhùn. "Òun ni kò jẹ́ kí n gbádùn."

A rẹ́rìn-ín tì í. Kò yé wa.

Bí aago márùn-ún bá lù, a ó fọ ọwọ́, a ó gun kẹ̀kẹ́ wa lọ sẹ́bàá odò, níbi tí obìnrin kan ti ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú ìyẹ̀fun. A ó rà á gbígbóná, a ó jókòó sórí pákó tí àwọn apẹja máa ń so ọkọ̀ mọ́, a ó máa sọ̀rọ̀ ọkùnrin, ọ̀rọ̀ aṣọ, ọ̀rọ̀ ìyá tèmi àti ìyá tirẹ̀. A kì í dárúkọ àmù. Ọgbà náà kò tẹ̀ lé wa jáde rí. Bí a bá ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ti parí títí di ọjọ́ kejì nìyẹn.

Lọ́dún 1986, sinimá Tamil kan dé sí ìlú, èmi àti àbúrò mi obìnrin sì fẹ́ lọ wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo kánjú dé àwọn àmù mi lọ́jọ́ náà. Àwọn mọ́kànlá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, létí odò, mo gbàgbé wọn. A ò tíì wo sinimá náà dé ìdajì tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lórí òrùlé, mo sì ń jẹ ẹ̀pà mi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Ọ̀gá Kwan nínú ọgbà, wọ́n ti fi aṣọ funfun gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó ti sáré jáde nínú òjò láti dé àwọn àmù náà, ó yọ̀, ó sì ṣubú lu etí ọ̀kan nínú wọn. Egungun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ti dá.

Mo ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo gbàgbé."

"Mo mọ̀. Apá odò lo máa ń ṣe kẹ́yìn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo ti bínú tán lánàá," ó wí. "Lọ bá wọn gbé atẹ."

Ojú tì mí títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, kò ju ọjọ́ kan yẹn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ó ti kúrò lára mi, mo sì ń bá Rokiah ṣeré bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọrùn-ọwọ́ ọ̀gá kò sì tọ́ padà dáadáa mọ́ láéláé.

Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún 1992. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ta oògùn ní Perth lókè òkun wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ní Kuala Lumpur sọ ní gbangba pé òun ò fẹ́ ọgbà, àti pé òun ò fẹ́ kí àwọn ọmọ òun náà fẹ́ ẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Kwan pe èmi àti Rokiah sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ̀ ọ́n jù," ó wí. "Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi."

Rokiah kò rò ó rárá. "Ọ̀gá, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn. Ṣùgbọ́n mo ní ọmọ mẹ́ta, mo ní ọkọ tó ń wa lọ́rì, mo tún ní ìyá ọkọ. Tí ẹ bá tún gbé ọgọ́fà àmù lé mi lórí, ibo ni kí n máa gbé orí náà gbà?"

Ọ̀gá Kwan yíjú sí mi. "Ìwọ ń kọ́?"

Mi ò lè sọ ohun tó sún mi sí i títí dòní. Ó lè jẹ́ ìgbéraga. Ó sì lè jẹ́ pé mo wo àwọn àmù náà lọ́jọ́ yẹn, mo wá rí i pé bí mi ò bá gbà wọ́n, wọ́n á kó wọn lọ fún àwọn tó ń gbin òdòdó sínú wọn. Mo ní kí ó jẹ́ kí n bi ọkọ mi.

Akọ̀wé ni Maniam, ọkọ mi, nílé ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tó ń ro nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta ni. Ó kó àwo oúnjẹ wa lọ fọ̀, ó padà wá jókòó.

"Thila," ó wí, "tí èmi bá ṣe àṣìṣe níbi iṣẹ́, wọ́n á kọ lẹ́tà sí mi. Tí ìwọ bá ṣe àṣìṣe nínú ọgbà yẹn, ta ni yóò kọ lẹ́tà sí ọ?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ ti wà níbẹ̀. Gbà á."

Mo kó gbogbo owó tí mo ti tọ́jú láti ọdún mẹ́rìnlá fún Ọ̀gá Kwan, a bọ ọwọ́, ó sì fi ọwọ́ òsì rẹ̀ lu àmù kan pẹ́pẹ́ bí ẹni ń kí ọmọ pé ó dàbọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó wọ bàálù.

Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ni mo bá níbẹ̀, Rokiah sì ni àkọ́kọ́ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé bí ọ̀gá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ níwájú àwọn yòókù, ó ní, "Ọ̀gá wa obìnrin, ẹ káàárọ̀ o, ṣé kí á máa mí àbí kí á dúró ná?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà dùn.

Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo ṣì ń bá a lọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí odò. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ mọ́.

"Thila, wolẹ̀," Rokiah wí lọ́jọ́ kan. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ ń tutù."

"Ìkùukùu yẹn ò dáa lójú mi."

"Háà, ó ti kó ràn ọ́. Àlè ọ̀gá ti di tìẹ."

Mo dìde kí n tó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń ní kó máa lọ, pé mo ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí kò fi dúró dè mí mọ́.

Kì í ṣe òjò ló wá ṣe mí ní ibi. Ìkòkò irin ńlá tí a fi ń se ẹ̀wà wà lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan. Lọ́dún kẹta tí mo gba ọgbà, mo rí i pé ẹsẹ̀ kan ti sán nídìí. Mo pe wẹ́dà wá wò ó. Ó ní òun lè jó o pọ̀, ṣùgbọ́n a ó ní láti pa iná fún ọjọ́ mẹ́ta, kí irin lè tutù kí òun sì rí ìdí rẹ̀. Deepavali, ọdún àwa Tamil, ti dé tán nígbà náà, ọdún àwọn Ṣáínà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń béèrè kicap. Mo ní kí ó padà wá tí ọdún bá lọ. Mo fi wáyà di ẹsẹ̀ irin náà yíká ní ìlọ́po mẹ́jọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń wò ó, ojoojúmọ́ ni mo sì ń sọ pé yóò dé ìgbà tí ọdún bá lọ.

Ó dé oṣù méjì. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, mo wà nídìí atẹ nígbà tí mo gbọ́ ìró irin. Nígbà tí mo fi máa yíjú, ìkòkò ti dojú délẹ̀, omi ẹ̀wà gbígbóná sì ti gba gbogbo ilẹ̀. Rokiah ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó yí sí. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó di orókún òsì rẹ̀ mú, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Mo fa rọ́bà omi wá, mo ń da omi tútù sí i. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: "Ẹ pa iná yẹn kẹ́ ẹ tó máa wò mí."

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní ọsibítù. Láti orókún dé ẹsẹ̀ ni ó bó. Shukor, ọkọ rẹ̀, pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kejì. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni tẹ́lẹ̀, mo ti jẹun nílé rẹ̀ láìmọye ìgbà.

"Ẹ̀yin ọlọ́gbà," ó wí, kò sì pe orúkọ mi. "Ó bá yín ṣiṣẹ́, ẹ wá sè é bí ẹ̀wà."

Mo kọjá lọ bá Rokiah, mo jókòó ti ibùsùn rẹ̀, mo sì sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àní Maniam pàápàá.

"Rokiah, mo mọ̀ pé irin yẹn ti sán. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti mọ̀."

Ó yí orí rẹ̀ sí ìhà fèrèsé.

"Èmi náà mọ̀," ó wí. "Mo rí i ṣáájú rẹ. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ìwọ tó pe wẹ́dà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ara mi pé ìkòkò ọ̀gá ni." Ó yíjú sí mi. "Thila, bó ṣe wọ inú ọkàn mi gan-an nìyẹn. Mi ò sọ pé ìkòkò Thila ni. Mo ní ìkòkò ọ̀gá ni, aago márùn-ún ti fẹ́ẹ́ lù."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwa méjèèjì sunkún níwọ̀nba, nítorí obìnrin tó wà ní ibùsùn kejì ń wò wá.

Iná ọgbà kò jó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wẹ́dà ṣe ìjókòó ìkòkò tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì rì í mọ́ sìmẹ́ńtì. Mo pàdánù ọjà ọdún Ṣáínà pátápátá, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan lọ rà á níbòmíràn, wọn ò padà. Owó ọsibítù Rokiah àti owó oṣù rẹ̀, mo san án títí ó fi lè rìn. Mi ò kà á sí oore. Nígbà tí mo tẹ Ọ̀gá Kwan láago ní Perth, tí mo ṣàlàyé fún un, mo rò pé yóò béèrè àmù. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jiná?" Mo ní ó ń jiná. Ó wá sọ fún mi pé lọ́dún 1961, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sulong pàdánù ìka méjì nínú ọgbà náà, sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọ̀ tí òun ti pinnu láti pààrọ̀.

"Ọgbọ̀n ọdún ó lé," ó wí. "Mo ṣì máa ń ka ìka àwọn ènìyàn tí mo bá bọ̀ lọ́wọ́."

Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí ní gbogbo ọdún tí mo fi bá a ṣiṣẹ́.

Nígbà tí Rokiah gbádùn, ó wá sí ọgbà, ó ń tiro díẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìbọ̀wọ́ rọ́bà lójú ọ̀nà Ipoh ti gba òun. Bọ́ọ̀sì wọn á máa wá gbé òun, wọ́n ní dókítà tiwọn, wọ́n sì ń fún ènìyàn ní ìsinmi.

"Nítorí ìkòkò ni?" mo bi í.

"Nítorí tìẹ ni. Níbẹ̀, tí nǹkan bá já lù mí, màá rí ọ̀gá tí màá bú, màá bú u dé ìdílé ìyá rẹ̀. Ìwọ, mi ò lè bú ọ kó dùn mọ́ mi."

Ọdún mẹ́rìndínlógún ló lò níbẹ̀. A máa ń pàdé ní ọjà, a ó kíra, a ó béèrè ọmọ. Mo jowú rẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo máa ń rí bọ́ọ̀sì wọn tó bá ń dá wọn padà nírọ̀lẹ́, orí rẹ̀ á ti tẹ̀ sára wíńdò, á ti sùn lọ.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 2012, bọ́ọ̀sì náà kò wá. Nígbà tí Rokiah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara wọn débẹ̀, wọ́n bá géètì ní títì, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ọn lára pé ilé iṣẹ́ ti kó lọ, pẹ̀lú orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n dá dúró níṣẹ́. Ẹgbẹ̀ta ènìyàn ló dúró níwájú ìwé náà. Ó ní kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀ tí àwọn lè bú, ọlọ́dẹ nìkan ni, ọlọ́dẹ náà sì ń sunkún, nítorí orúkọ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ibi tó ti kúrò níwájú géètì yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló wá. Ó jókòó sórí àmù kan tí mo ti dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fa gèlè rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni.

"Mo rò pé èmi ni mo sá lábẹ́ ewu," ó wí. "Kò sí ibi tí kò sí. Ó kàn jẹ́ pé ìwọ, o máa ń rí tìẹ kó tó dé ni."

Mo ní kó wá, kí á jọ ni ọgbà náà ní ìdajì-ìdajì. Ó mi orí.

"Mi ò fẹ́ ìdajì. Fún mi ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Ohun yòówù tí mo bá rí tó sán, ọjọ́ náà ni màá sọ ọ́, ọjọ́ náà lo sì máa pa iná. Kódà kó jẹ́ pé ọ̀la ni Deepavali."

"Mo gbà."

"Fi ìyá rẹ búra pé o gbà."

"Rokiah."

"Ó dáa, mo gbàgbọ́."

Ọdún mẹ́sàn-án ló tún fi bá mi ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ní kí n pa iná, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì pa á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ dùn mí wọ egungun. Àwọn ọdún yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ayé mi. Nígbà tí orókún rẹ̀ kò gbà á mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kó o lọ sí Ipoh.

Mo lọ kí i nígbà ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá. Ọ̀gá Kwan ti kú sí Perth tipẹ́, Maniam náà ti lọ, Shukor náà ti lọ. Ogójì àmù ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ mẹ́ta. Rokiah kò bi mí bóyá ọjà ń lọ. Ó ní kí n sọ àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún un nípa Aung Min tó wá láti Bọ́mà, tí kò jẹ́ jẹ ata. Mo sọ fún un nípa Chooi Lin tó máa ń bá àmù sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé Devaki lóyún oṣù mẹ́fà, kò sì fẹ́ jókòó.

"Ṣé o ti ní kó má gbé atẹ mọ́?"

"Mo ti sọ ọ́ títí. Ó ní ara òun le."

"Kò ní gbọ́ tìẹ," Rokiah wí. "Ọ̀gá rẹ̀ ni ọ́, ó rò pé o fẹ́ dá a dúró níbi iṣẹ́ ni. Lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀. Kó o sì kọ́kọ́ jẹ́ kó dá Devaki lójú pé iṣẹ́ rẹ̀ ń dè é."

Lọ́jọ́ kejì tí mo padà sílé, mo lọ lóòótọ́. Ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ìyá ọkọ náà gbé tíì kaná, ó pe Devaki jáde, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo fi dá Devaki lójú pé iṣẹ́ rẹ̀ ń dè é, a sì sọ ọ́ títí ó fi gbà pé òun ò ní gbé atẹ mọ́.